Ìmọ̀ràn Bàbá Alápò fún Ẹni Tó Fẹ́ Wọkọ̀ Òkun

Títí dòní, tí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Bàbá Alápò ládùúgbò wa, ọ̀rọ̀ ṣòkòtò ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ rántí. Aránṣọ ni, àpò ló sì fi gbajúmọ̀: kò sí aṣọ tó rán tí kì í fi àpò ìkọ̀kọ̀ sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ń rin òkun, ó kó pásípọ́ọ̀tù àwọn méjèèjì sínú àpò ṣòkòtò, ó sì rán ẹnu àpò náà pa kí olè má baà rí i yọ. Ó mú àlùmọ́gàjí kékeré dání tí yóò fi tú u. Àwọn ẹ̀ṣọ́ èbúté gba àlùmọ́gàjí náà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu géètì.

"Bàbá, pásípọ́ọ̀tù dà?" ni ọ̀gá tó jókòó nídìí tábìlì bi í.

"Ó wà lára mi, ọmọ mi."

"Ẹ mú un wá."

"Kò ṣeé mú. Ẹ bá mi wá àlùmọ́gàjí mi."

"Nǹkan ẹlẹ́nu mímú kì í kọjá ibí, Bàbá."

Bàbá Alápò wo ọmọkùnrin náà lẹ́nu dáadáa. "Ṣé eyín rẹ le?"

Ìyàwó rẹ̀ ló ta ìborùn bo ọkọ rẹ̀ nígbà tó bọ́ ṣòkòtò tó sì ń fi eyín já òwú. Fèrè ọkọ̀ ń dún, ìyàwó sì figbe ta. "Bí ọkọ̀ yìí bá lọ, Bàbá, mi ò ní bá yín sọ̀rọ̀ mọ́ láyé!" Ọjọ́ pẹ́ tí Bàbá Alápò ti máa ń fọ́nnu fáwọn oníbàárà pé òwú òun kì í já bọ̀rọ̀. Gbogbo èrò tó tò sẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà ló rí i pé kì í parọ́.

Ìyàwó ló fẹ́ ìrìn àjò yìí. Láti kékeré ló ti ń sọ pé òun fẹ́ dé ibi tí èèyàn ò ti ní rí nǹkan kan mọ́ àfi omi. Nígbà tí ọmọbìnrin wọn ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn, ijó ló jó yí ilé ká. Àyà ọkọ rẹ̀ ní tiẹ̀ já. Kì í ṣe pé ó ń bẹ̀rù kí ọkọ̀ rì. Wọ́n ti sọ fún un pé bí ọkọ̀ bá dúró ní èbúté kan, tí èèyàn sọ̀ kalẹ̀ lọ najú tí kò sì tètè padà, ọkọ̀ á lọ ni. Ìyàwó rẹ̀ rèé, tó bá ń lọ ra iyọ̀, gbogbo ilé tó bá wà lójú ọ̀nà ló máa yà kí. Bàbá Alápò kàn ń rí ìyàwó yìí lọ́kàn ara rẹ̀ ṣáá, tó dá dúró létí òkun, tí ọkọ̀ ń gbé òun lọ.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ó yọ obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu débi pé tó bá rí Bàbá lókèèrè, á bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ tábìlì. Gbogbo ìmọ̀ràn tó bá sì rí kó níbẹ̀, àwọn oníbàárà ló ń pín in fún.

"Yàrá àárín ọkọ̀, nísàlẹ̀, ni kó o gbà o. Òkè ló máa ń mì jù."

"Bàbá, mi ò lọ síbì kankan," ni oníbàárà kan fèsì.

"Oògùn rẹ, inú báàgì ọwọ́ ni kó wà. Àpótí ńlá kì í tètè dé yàrá."

"Bàbá, ṣòkòtò tí mo ní kẹ́ ẹ bá mi gé..."

"Kó o sì sùn sí ìlú tí èbúté wà mọ́jú. Mọ́tò lè bàjẹ́ lọ́nà!"

Oníbàárà náà lọ sílé pẹ̀lú ìmọ̀ràn rẹpẹtẹ, àti ṣòkòtò tó mọ sí orúnkún.

Nígbà tó gbọ́ pé yàrá inú ọkọ̀ kì í fẹ̀, ó béèrè bó ṣe gùn tó, ó fi téèpù wọ̀n ọ́n sílẹ̀ ìyẹ̀wù wọn, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ fa ìlà yí i ká. Ó ní kí wọ́n máa gbé inú ìlà náà kó lè mọ́ wọn lára. Òùngbẹ gbẹ ìyàwó, ó dìde, ó fẹ́ lọ bu omi mu.

"Màmá! O ti já sókun!"

"Ẹ jẹ́ n rì," ni ìyàwó dá a lóhùn, ó sì gba ilé ìdáná lọ.

Wọ́n kúkú lọ, wọ́n sì gbádùn ara wọn, àfi ní èbúté kan báyìí. Ìyàwó ní òun fẹ́ wo aṣọ ní ìsọ̀ kan, èrò sì ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Bàbá Alápò wá a títí, ó sáré padà sídìí ọkọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó dínà àtẹ̀gùn.

"Bàbá, ẹ wọlé, a fẹ́ ká àtẹ̀gùn," ni òṣìṣẹ́ ọkọ̀ wí.

"Ẹ ò ká nǹkan kan! Ìyàwó mi ò tíì dé!"

Ohùn kan wá láti òkè ọkọ̀. "Bàbá! Mo ti jẹun tán o!"

Ó gòkè lọ bá a. A rò pé yóò bínú, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún wa pé èjìká òun ló kàn dì mú, tó ní: "Mo rò pé a máa fi ọ́ sílẹ̀ lọ ni."

"Ẹ̀yin lẹ wà nílẹ̀, Bàbá. Èmi ni ǹ bá fi yín sílẹ̀ lọ."

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Bàbá Alápò dákẹ́. Ó dùn wá gan-an, torí kò sẹ́ni tó tún ń bá wa ṣàníyàn bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin wọn tún ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó ní kí màmá òun bá òun lọ. Ìyá kọ̀. "Ta ló máa bá mi dá ọkọ̀ dúró?" Ọmọ bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà. Wọ́n sùn sí ìlú èbúté mọ́jú, wọ́n gba yàrá àárín nísàlẹ̀, oògùn ìyá sì wà nínú báàgì ọwọ́.

Ní èbúté tí ọkọ̀ kọ́kọ́ dúró sí, ìyá tí kì í yára yìí ló kọ́kọ́ padà dé. Síbẹ̀ kò wọlé. Ó dúró sẹ́nu àtẹ̀gùn, ó kọjú sí ọ̀nà tí àwọn èrò ń gbà bọ̀, títí ẹni tó kẹ́yìn fi gòkè tí fèrè sì dún.

"Màmá, gbogbo èèyàn ti wọlé. Ta lẹ̀ ń dúró dè?"

"Mo mọ̀ pé bàbá rẹ kò ní í wá mọ́," ni ìyá wí. "Ṣùgbọ́n òun náà dúró dè mí lẹ́nu àtẹ̀gùn báyìí nígbà tí mo ti wọlé."

Ọmọ náà yíjú sí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ tó fẹ́ ká àtẹ̀gùn. "Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "ẹ fún wa ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i."