Ìṣẹ́jú Kan Tí Akéde Gé Kúrò

Ṣé ẹ mọ obìnrin olóhùn iyọ̀ tó ń ka ìròyìn àárọ̀ lórí rédíò? Ọmọ àdúgbò wa ni. Láti kékeré la ti ń pè é ní Akéde, torí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ tí kì í sáré wá rò ní ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun mi, á di ìkúùkù síwájú ẹnu bíi máìkì. Bí ìyàwó ẹnì kan bá kó jáde, Akéde ti kà á tán kí ọkọ tó jí. A máa ń rẹ́rìn-ín. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti fi ìgbálẹ̀ lé e jáde.

Nígbà tí àìsàn dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀, obìnrin alágbàfọ̀ tó múlé tì wọ́n ló ń bọ́ Akéde, tó ń fọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni alágbàfọ̀ yìí bí. Lọ́jọ́ kan tí òjò ńlá rọ̀, ọmọ náà já sínú gọ́tà tí káńsù gbẹ́ tí wọn ò bò. Àwa la gbé òkú rẹ̀ jáde. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, rédíò ìjọba ní òjò rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fara pa. Ṣọ́ọ̀bù mi ni alágbàfọ̀ ti gbọ́ ọ.

“Ta wá ni mo sin?” ló bi wá.

Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé: kí rédíò yẹn dárúkọ ọmọ òun, kí wọ́n ní ó kú. Ó rìn títí bàtà fi jẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọn ò jẹ́ kó kọjá ẹnu géètì.

Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ rédíò gbé ìdíje àròkọ kalẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń parí ilé-ìwé girama: kí ni iṣẹ́ oníròyìn? Ẹni tó bá gbégbá orókè yóò ka tirẹ̀ lórí afẹ́fẹ́, wọn yóò sì gbà á síṣẹ́. Akéde lọ jókòó ti alágbàfọ̀ nídìí bàsíà aṣọ, ó ń bi í pé irú ṣẹ́ẹ̀tì wo lọmọ náà wọ̀, kí ló sọ kẹ́yìn. Obìnrin náà ń sunkún, Akéde ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó máàkì àròkọ náà sunkún pẹ̀lú. Akéde ló ṣe ipò kìíní.

Olùkọ́ rẹ̀ tó sìn ín dé rédíò, oníbàárà mi ni, òun ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní ọ̀gá ìròyìn ò bínú, kò halẹ̀.

“Ó fi ìṣẹ́jú kan gùn jù. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o gé e o. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí mọ ibi tí wọ́n ń gé.”

Ó na bírò sí i. Ìyìn ilé-iṣẹ́ rédíò ló kún ìbẹ̀rẹ̀ àròkọ yẹn, olùkọ́ sì rò pé ibẹ̀ ni yóò gé. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Akéde wo ojú ọ̀gá, ó sì fa ìlà sórí ọ̀rọ̀ ọmọ alágbàfọ̀ látòkèdélẹ̀.

“O ti mọ iṣẹ́,” ni ọ̀gá wí.

Àwa ò mọ̀. Alágbàfọ̀ ti wọ aṣọ tó dáa jù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti kó gbogbo àdúgbò wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo pa klípà, mo fi orí oníbàárà kan sílẹ̀ láàbọ̀. Akéde kà á, kò kólòlò rárá.

“Ó ń bọ̀ níbẹ̀,” ni alágbàfọ̀ ń wí. “Ẹ ní sùúrù.”

Àròkọ parí. Ìpolówó ọṣẹ ìfọṣọ ló tẹ̀lé e. Obìnrin náà ṣì ń bẹ̀ wá pé ká ní sùúrù.

Olùkọ́ ti sọ fún wa pé wọ́n ní àròkọ náà gùn jù. Lọ́jọ́ kejì, Akéde ń kọjá lọ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, alágbàfọ̀ sì dì í lọ́wọ́ mú.

“Ọmọ mi, ṣé orúkọ àbúrò rẹ gùn ni?”

“Kò gùn, Màmá.”

“Kí ló wá dé?”

Akéde rọra fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. “Iṣẹ́ náà ni mo fẹ́, Màmá.”

Ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nínú gbogbo ìròyìn tí mo ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ títí dòní, ìyẹn nìkan ni mo gbà gbọ́.