Póìntì Tí Wọ́n Mọ̀ọ́mọ̀ Fi Sílẹ̀

Ẹ̀bi mi ni. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ni kápítẹ́nì ẹgbẹ́ básíkẹ́tì bọ́ọ̀lù ní yunifásítì rẹ̀ ní Sharjah níbí. Láti kékeré, nígbà tó ń bá àwọn àbúrò rẹ̀ jìjàkadì lórí kápẹ́ẹ̀tì ilé wa ní Al Khan, ni mo ti ń sọ fún un pé ẹni tó bá ti dá ẹnì kejì, kó dìde lórí rẹ̀. A kì í jókòó sórí àyà ẹni tó ti ṣubú. Kò gbàgbé. Bí wọ́n bá ti fi ogún póìntì ju ẹgbẹ́ kan lọ, á bẹ kóòṣì kó kó àwọn tí kì í ráyè gbá wọlé. Èmi á jókòó láàárín àwọn òǹwòran, orí mi á máa wú.

Nínú ìdíje àwọn yunifásítì, ẹgbẹ́ mẹ́rin ló máa lọ sí ìpele ìkẹyìn. Nígbà tí ìwé ipò jáde, ipò karùn-ún ni tiwa. Ẹgbẹ́ Dubai kan tí wọ́n borí iye ìgbà kan náà bíi tiwa ló gba ìkẹrin. Ọdún tí ọmọ náà máa lò kẹ́yìn ní yunifásítì sì nìyí.

Bàbá rẹ̀, ọmọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ló là á yé mi: kọ̀ǹpútà ló ń to ipò, iye póìntì tí ẹgbẹ́ fi ń borí ló sì ń wò.

“Ẹ̀yin lẹ ní kó máa dìde lórí èèyàn, Bàbá. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀yẹn o.”

Ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín, okùn bàtà rẹ̀ ló ń tú.

Nígbà tí àwọn tó ń darí ìdíje pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà sí Al Warqa ní Dubai, èmi àti ọmọ mi jiyàn nínú ọkọ̀ títí a fi débẹ̀. Ó ní ní Amẹ́ríkà pàápàá, ọdọọdún ni wọ́n ń jà sí i: àwọn kan ní ká ka iye ìgbà téèyàn borí, àwọn kan ní ká wo agbára ẹni tó borí, àwọn kan ní póìntì ni.

Mo ní, “Ẹni tó dá ọmọdé mẹ́wàá, ṣé ó ju ẹni tó dá akin kan lọ?”

Ó yà, ó wá ibi gbé ọkọ̀ sí.

Ní ìpàdé, mo ní kí wọ́n ṣí fídíò, kí wọ́n wo àwọn tó wà lórí pápá nígbà tí tiwa bá ti ń borí. Wọ́n wò ó. Kóòṣì ẹgbẹ́ tó gbẹ̀yìn pátápátá ló dìde. Ó ní nínú gbogbo ẹgbẹ́ tó na àwọn, tiwa nìkan ni kò dójú ti àwọn. Alága wo ìwé rẹ̀ títí. Ó rí i pé ẹgbẹ́ Dubai yẹn àti tiwa kò tíì pàdé rí. Ó ní, “Khalas, ó tán. Kí àwọn méjèèjì gbá a, kí ẹni tó bá borí gba ipò kẹrin.”

Wọ́n gbá a ní Sátidé. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, ogún póìntì la fi wà níwájú. Mo rí kápítẹ́nì wa tó lọ bá kóòṣì, tó nawọ́ sí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì.

Ọmọ mi di orí mú. “Bàbá, ẹ bá a sọ̀rọ̀.”

Mo ní, “Kí n ní kí ni?”

Póìntì mẹ́sàn-án la fi borí.