Oyin, Òjòlá Inú Yàrá Ògúntúndé

Gbogbo ilé wa ní Ajégúnlẹ̀, lẹ́yìn Owódé Onírin, ló fura sí Ògúntúndé. Wọn kò sọ pé ó ń jalè, wọn kò sì sọ pé ó ń lépa aya aláya. Ejò ló fà á. Ọkùnrin tó ti súnmọ́ ọgọ́ta ọdún, tí kò ní ìyàwó nílé, tó wá ń sin òjòlá nínú yàrá kan ṣoṣo, àwọn aráalé ní ohun tí wọ́n ń rò nípa rẹ̀. Testimony, ayálégbé tí yàrá rẹ̀ kángun sí tirẹ̀, a máa ta òróró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Àlàájà Hùmúàní, onílé wa, tó ń ta ata ní Mile 12, kì í gba nǹkan jíjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà ṣe ọsàn tí a kò tíì bó.

Ògúntúndé kì í bá wọn jiyàn. Wẹ́dà ni. Apá Ìsẹ́yìn ló ti wá nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú irin ojú fèrèsé àdúgbò wa, ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde. Inú páìpù ògbólógbòó kan ní ọjà onírin ló ti rí òjòlá náà nígbà tí kò tíì nípọn ju ìka lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ pa á. Ó fi fìlà bò ó, ó gbé e wálé, ó jó àgò onírin fún un, ó sì sọ ọ́ ní Oyin.

Èmi náà fura, ṣùgbọ́n ìfura tèmi yàtọ̀. N kò gbà pé ejò náà ju ejò lọ. Ìfẹ́ tí Ògúntúndé sọ pé ó wà láàrin wọn ni n kò lè gbà gbọ́. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, kì í bọ́ jákẹ́ẹ̀tì awọ tó fi ń jó irin kó tó ṣí àgò. Oyin á yọ ahọ́n, á fi tọ́ apá jákẹ́ẹ̀tì náà wò, á wá rọra gùn ún lọ sókè, á wé mọ́ ọrùn rẹ̀, á gbé orí lé èjìká.

"Ṣé o rí i, Kọ́pà?" Bó ṣe ń pè mí nìyẹn láti ìgbà tí mo ti sin ilẹ̀ baba mi tán. "Ó mọ̀ mí. Ó ń gbádùn ara ẹ̀."

"Bàbá, ara yín ló gbóná. Ìdí iná lẹ ti ń bọ̀. Ṣebí ẹ̀yìn fìríìjì ló lọ wé mọ́ lọ́jọ́ tí ẹ jẹ́ kó rìn kiri. Ṣé ó mọ fìríìjì náà ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Tí òtútù bá mú ìwọ náà, ṣé o ò ní lọ síbi tó gbóná? Ṣé torí ẹ̀ la ó ṣe ní o ò mọ ìyá ẹ?"

N kò gbà. Mo kàn ń wo ejò náà ni, mo sì wò ó dáadáa. Nítòsí ìrù rẹ̀, àpá kan wà níbi tí iná ti ta sí i nígbà kan. Ìpẹ́ ibẹ̀ súnkì bí aṣọ ọ̀rá tí áyọ́ọ̀nù jó.

Nígbà tí odò Ògùn kún, tí omi sì ya wọ ilé wa, Ògúntúndé dé láti ibi iṣẹ́, ó bá a pé omi ti gba ìdajì àgò. Ó ṣí i kí Oyin má baà kú sómi. Oyin gba ojú fèrèsé lọ.

Bí omi ṣe fà díẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n máa ń ṣe lẹ́yìn omíyalé. Wọ́n ń fi ọ̀pá tú abẹ́ afárá pákó àti ẹ̀yìn ilé, wọ́n ń kó ejò tí omi gbé wá sínú àpò ìrẹsì. Èyí tó bá ṣeé jẹ a dèrò ìkòkò. Afeez ni olórí wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, Àlàájà kìlọ̀ fún wọn pé ọmọ-ọmọ òun jòjòló wà nílé: wọn kò gbọdọ̀ sinmi títí ọwọ́ á fi tẹ ejò wẹ́dà.

Ní òwúrọ̀ kùtù, Afeez gbé àpò méjì wá sí àgbàlá wa. Òjòlá kọ̀ọ̀kan wà nínú wọn.

"Daddy, ẹ wá wo ọmọ yín o. Àbí ká kúkú máa lọ ata?"

Àwọn tó tẹ̀ lé e rẹ́rìn-ín. Àlàájà dúró lórí àtẹ̀gùn.

"Ọ̀gá Wẹ́dà, látọjọ́ yìí lẹ ti ń sọ fún wa pé ó mọ̀ yín. Ó dáa. Ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Tí ò bá gé yín jẹ, ẹ lọ tì í mọ́ àgò, Afeez á sinmi. Tó bá gé yín jẹ, àwọn ọmọ yìí á máa wá tiyín lọ ni, tí wọ́n bá sì rí i, ẹ má bi mí."

Ògúntúndé ṣí àpò kìíní, ó wò ó pẹ́, ó dì í padà. Ó ṣí èkejì, ó wò ó, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ejò náà kò jà. Ó rọra wé mọ́ ọn lápá.

"Yéè, ẹ tiẹ̀ jọra," ni Afeez wí. Ó gbé àpò kìíní kọ́ èjìká, ó lọ sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé wíwá ti parí.

Èmi nìkan ni ohun tí mo rí kò tẹ́ lọ́rùn. Inú omi tútù ni wọ́n ti mú ejò náà, òjò sì ti ń rọ̀ láti àná. Ejò tí òtútù mú kì í lè jà. Ẹni tó bá gbé e ló máa wé mọ́. Bí Ògúntúndé ṣe ń kọjá, mo wo ibi ìrù ejò náà. Ìpẹ́ ibẹ̀ tẹ́jú, ó ń dán.

Mo tẹ̀ lé e wọ yàrá. "Bàbá, Oyin kọ́ nìyí."

Ó kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn. "Rọra sọ̀rọ̀. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni?"

"Kí ló wá dé tí ẹ mú un?"

"Tí mo bá ní òun kọ́, wọ́n á máa wá a. Ní báyìí, wọ́n ti ju ọ̀pá sílẹ̀. Á ráyè padà wálé."

"Báwo ló ṣe máa mọ ilé?"

"Ó mọ̀ mí," ló tún wí. Mo jáde fún un.

Nígbà tí oòrùn padà, ara òjòlá àlejò náà yá, ó sì gé Ògúntúndé jẹ. Ó fi àkísà wé ọwọ́. Àlàájà rí i.

"Kí ló ṣe ọwọ́ yín?"

"Irin ni, Àlàájà."

"Irin ti wá ń hu eyín." Ó tẹjú mọ́ ọwọ́ náà títí Ògúntúndé fi wọlé.

Ohun mìíràn tí mo ṣàkíyèsí ni pé ẹ̀wù lásán ló ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Iná ń ta sí i lápá. Jákẹ́ẹ̀tì awọ rẹ̀ wà lórí ọgbà ẹ̀yìnkùlé, létí omi, níbi tí gbogbo wa ti ń sá ohun tí omi bà jẹ́. Ó ń fi dúró de Oyin; ìrètí òmùgọ̀ ni mo kà á sí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo lọ ká ẹní mi. Apá kan jákẹ́ẹ̀tì náà wú bí ẹni pé ọwọ́ ènìyàn wà nínú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wò ó. Ìrù kan yọ díẹ̀ ní ẹnu apá, ìpẹ́ rẹ̀ súnkì ní ibi tí mo mọ̀.

Mo pe Ògúntúndé. Ó ká jákẹ́ẹ̀tì náà tòun ti ohun tó wà nínú rẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà. Àlàájà jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ń ṣa ata.

"Ọ̀gá Wẹ́dà, kí ló dé tí ẹ gbé aṣọ bí ọmọ tuntun?"

"Ó ti gbẹ ni, Àlàájà."

Ó ń wò ó lọ. Kò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n kò dìde. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ògúntúndé fi àpò gbé òjòlá àlejò náà gba afárá pákó kọjá sínú igbó òdìkejì, ó sì padà lọ́wọ́ òfo.

Nígbà tó gbé jákẹ́ẹ̀tì náà wọlé lọ́sàn-án yẹn, èmi ṣì dúró sídìí ọgbà. Oòrùn ló fà á, mo wí fún ara mi. Awọ máa ń gba ooru. Ṣùgbọ́n bùláńkẹ́ẹ̀tì dúdú ti Testimony wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí jákẹ́ẹ̀tì náà ti wà, ó nípọn, ó sì ká lé ara rẹ̀ débi tí ejò lè wọ̀ dáadáa. Mo fi ọwọ́ kàn án, mo wá fi ọwọ́ kan ibi tí wọ́n ti gbé jákẹ́ẹ̀tì kúrò. Bùláńkẹ́ẹ̀tì ló gbóná jù.