Tammaro Lórí Igi Àjàrà

Ní Cesa, abúlé wa ní Ítálì, àjàrà tí à ń pè ní Asprinio kì í gbélẹ̀. Igi gíga kan tí wọ́n ń pè ní pópúlà ló ń gùn, títí á fi ga ju òrùlé ilé lọ. Ta ló kọ́kọ́ gbé e wá? Àwọn kan ní àwọn ará Etruria, tó gbé ilẹ̀ yìí láyé àtijọ́, ni, àwọn kan ní ọba kan ló kó o wá láti Faransé. Ẹ má fi tèmi sí i. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wáìnì rẹ̀ kan dé gbòǹgbò eyín: tó o bá mu ún, ojú rẹ á dì pọ̀, wàá sì tún na ife síwájú.

Tammaro, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ló mọ̀ ọ́n ká jù. Gbogbo ẹni tó ń gùn níbí ló ní àkàbà tóóró tirẹ̀, tí káfíńtà wọ̀n mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Orúnkún lèèyàn fi ń há ara rẹ̀ mọ́ ọn, kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè ká èso. A kì í gun ti ẹlòmíì.

Lọ́jọ́ ìkórè, Sossio ọmọ rẹ̀ gbé ayùn dé. Ó ní òun fẹ́ gé gbogbo rẹ̀, kóun gbin àjàrà kúkurú téèyàn lè dúró nílẹ̀ ká. Tammaro gun àkàbà rẹ̀ bọ́ sórí igi, ó ní òun ò sọ̀kalẹ̀ mọ́.

"Baba, ẹ sọ̀kalẹ̀ jàre!"

"Gé e. A ó jọ wó ni."

Nunziata, ìyàwó Tammaro, so búrẹ́dì àti wàràkàṣì mọ́ okùn tí ọkọ rẹ̀ jù sílẹ̀. "Bàbá Sossio, ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó kú, olóríkunkun!"

Inú bí Sossio. Ó gun àkàbà baba rẹ̀, ó ki orúnkún bọ àárín ọ̀pá àtẹ̀gùn méjì, bó ṣe máa ń rí i tí baba ń ṣe. Orúnkún wọlé, kò jáde mọ́. Ẹsẹ̀ Tammaro rí tín-ín-rín. Ti Sossio dà bí odó. Ó há síbẹ̀, díẹ̀ sókè orí ìyá rẹ̀, ó ń ké bí ewúrẹ́. Baba náà ò rọ́nà sọ̀kalẹ̀ mọ́, bó tiẹ̀ fẹ́. A fi òróró pa á, a fà á. Àlùfáà ní kó fa ikùn wọlé, bíi pé ikùn ló há. Orúnkún kàn ń wú sí i ni.

"Ẹ gé àkàbà náà," Tammaro wí látòkè.

Ọdún tó gbéyàwó ni wọ́n ti ṣe é fún un.

Sossio figbe ta: "Rárá o! Baba, kí lẹ máa fi gùn lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Ìwọ tó o fẹ́ gé igi lò ń bi mí?"

A di Sossio mú, Nunziata sì fi ayùn gé àkàbà náà. Àwọn panápaná ló gbé bàbá sọ̀kalẹ̀. Kò wo ẹnikẹ́ni lójú, àánú rẹ̀ sì ṣe mí gan-an.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Sossio tiro lọ sọ́dọ̀ káfíńtà, ó ní kó wọn ẹsẹ̀ òun fún àkàbà tòun náà, òun ò gé igi mọ́.

"Orúnkún tó wú báyìí? Máa lọ ilé. Tí wíwú náà bá ti lọ sílẹ̀, kó o padà wá."

"Mi ò lọ síbì kankan."

Ó fa àga, ó na ẹsẹ̀ síwájú, ó ń dúró kí orúnkún rẹ̀ fi lọ sílẹ̀.