Ìlẹ̀kẹ̀ Sándálì Tí Mo Gbé Ka Tùràrí

Ó ku ọ̀la kí wọ́n so yìgì àbúrò ọkọ mi. Èmi ni ìyá ọkọ mi kó aṣọ ìyàwó fún pé kí n fi èéfín tùràrí sí i. Wọ́n fi ẹ̀gbà ọrùn sándálì wọn lé e. Igi ni, igi olóòórùn dídùn tí kì í hù lọ́dọ̀ wa. Mẹ́kà ni wọ́n ti rà á, wọ́n sì dúró ti ẹni tó fọwọ́ gbẹ́ ẹ títí ó fi lu ihò tó kẹ́yìn. Òun ni ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo máa wọ̀ jáde nílé.

Mo gbé e símú, òórùn ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo rò pé èéfín tó ń ṣe aṣọ lóore á ṣe òun náà lóore. Mo gbé e lé agbọ̀n oníhò tí mo dà bo ìkòkò ẹyin iná. Ọmọ mi ké, mo lọ fún un lọ́mú. Kí n tó padà dé, okùn ti já, ìlẹ̀kẹ̀ ti wà nínú iná. Ọwọ́ lásán ni mo fi kó o jáde.

Ìyá ọkọ mi ti lọ sí àdúgbò Fate, wọ́n ní àwọn á dé lẹ́yìn ìrun Aláásárì. Mo pọn ọmọ, mo wọ kẹ̀kẹ́, ó di Ọjà-Ọba, lọ́dọ̀ bàbá tó ń sin tẹ̀súbáà.

"Ìyá ọmọ, tùràrí lo fi ń sun tùràrí?"

"Bàbá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bá mi tún un ṣe."

Wọ́n mú sáńpépà, wọ́n ń fá a. Bí dúdú yẹn ṣe ń kúrò ni òórùn dídùn ń jáde.

"Inú ló sá sí. Fífá ló yẹ kó o fá a."

Ṣùgbọ́n méjì ti jó dénú. Bàbá na méjì mìíràn sí mi, igi lásán tí wọ́n rẹ sínú lọ́fínńdà. "Kò sẹ́ni tó máa mọ̀, àfi tí òórùn ẹ̀ bá tán."

Mo wò ó títí. Ọmọ ń mí sí mi lẹ́yìn.

"Ẹ máa sin èyí tó kù bẹ́ẹ̀, Bàbá." Mo so méjì tó jóná mọ́ etí ìró mi.

Ìyá ọkọ mi ti jókòó sórí ẹní kí n tó wọlé. Wọ́n gba ẹ̀gbà ọrùn náà, wọ́n gbé e símú, wọ́n dijú. Wọ́n wá fà á gùn.

"Ó ti kúrú."

"Èmi ni, Ìyá. Mo gbé e ka tùràrí. Méjì jóná."

Wọn ò wo ojú mi. "Àwọn méjì ọ̀hún dà?"

Mo tú etí ìró. Wọ́n ń yí wọn nínú àtẹ́lẹwọ́, ó pẹ́. Ọwọ́ wọn nìkan ni mo ń wò. Wọ́n wú eérú inú ìkòkò, wọ́n fẹ́ iná, wọ́n sọ méjèèjì sí i.

"Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó, kó kúkú jó fún ọmọ mi. Kó aṣọ yẹn wá. Má sì kúrò nídìí ẹ̀ o. Gbé ọmọ yẹn fún mi."