Sọ́rì Tí Rùkáyàt Sọ

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Rùkáyàt ti wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ó tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lójú títì. Mi ò purọ́. Òkè ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja kan ní Rye Lane ni òun àti Tàjùdéèn ọkọ rẹ̀ ń gbé tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú Nusaybah ọmọ wọn. Yàrá kan ni, àti ibi ìdáná tí ẹni méjì kò lè jọ dúró sí. Ìdájí ni wọ́n ti ń já páálí ẹja sílẹ̀ nísàlẹ̀, gbì, gbì. Òórùn ẹja wọ aṣọ, ó wọ ìrọ̀rí, ó wọ híjàábù tí ọmọ fi ń lọ sílé ìwé. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni orúkọ wọn fi wà lọ́dọ̀ káńsù láàárín àwọn tó ń dúró de ilé.

Àfi ìgbà tí Ọlọ́run ṣe é. Wọ́n fún wọn nílé lẹ́yìn pápá Peckham Rye, ìsàlẹ̀ ilé, pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà tiwọn àti ojúde tiwọn. Àdúgbò wo nìyẹn! Bí aago méje àárọ̀ bá ti kọjá, tọkọ taya á gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n á forí lé ibùdó ọkọ̀ ojú irin, wọn ò ní padà di ìrọ̀lẹ́. Láàárín méjèèjì, tí ẹ bá rí ológbò, ẹ ti rí èrò. Ọpẹ́yẹmí, tí wọ́n jọ ń tọ́jú aláìsàn nílé ìwòsàn ní Camberwell, bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan, ó ní ṣé itẹ́ òkú ni wọ́n kó wá ni.

Rùkáyàt rẹ́rìn-ín. Kí ni ẹni tí oorun ò wọ́n fẹ́ mọ̀? Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tó kírun àsùbáà nínú ilé náà, ó sálámà tán, ó gbọ́ tí ẹyẹ ń ké. Ó jókòó lórí ẹní, ó sunkún. Ó dúpẹ́ títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́, nítorí ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ìgbà tí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ìwé ilé sọ pé ọdún kìíní, ọdún ìdánwò ni. Bí aládùúgbò bá fi ẹjọ́ wọn sun, tí ẹjọ́ náà sì dúró, àwọn onílé lè gba kọ́kọ́rọ́ wọn. Oṣù márùn-ún péré ni wọ́n tíì lò.

Ọ̀sán ni Rùkáyàt máa ń wọṣẹ́, nítorí náà ilé ló máa ń wà láàárọ̀. Ìyá tó bí i l'Ábẹ́òkúta kì í gbà kí ilẹ̀ mọ́ bá ojúde tó dọ̀tí, òun náà kò sì lè fi í sílẹ̀. Ó máa ń gbá ojúde tirẹ̀, á sì gbá ti Màmá Rosaline mọ́ ọn, ìyá òyìnbó ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin tó ń dá gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìyá náà á juwọ́ sí i láti ojú fèrèsé, òun náà á kúnlẹ̀ díẹ̀, ó parí.

Ọjọ́ Túsìdeè kan nínú oṣù kọkànlá, Màmá Rosaline ń ti bíìnì wọn jáde, ewé tútù yọ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀. Wọ́n balẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òsì, ọwọ́ náà sì dá. Rùkáyàt ju ìgbálẹ̀ nù, ó sáré jókòó sórí ilẹ̀ tútù náà, ó gbé orí ìyá lé itan rẹ̀, ó fi ìborùn bò wọ́n. Títí ọkọ̀ ilé ìwòsàn fi dé, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu rẹ̀: "Sọ́rì, mà. Sọ́rì o. Sọ́rì."

Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Bí èèyàn bá fẹsẹ̀ kọ, pẹ̀lẹ́ là ń kí i. Bí ẹrù bá wúwo lọ́rùn ẹni tí a kò mọ̀ rí, pẹ̀lẹ́. Gẹ̀ẹ́sì tí a sì ní fún pẹ̀lẹ́ kò ju sọ́rì lọ. Ṣùgbọ́n òyìnbó tó bá gbọ́ sọ́rì, ó ti rí ọ̀daràn nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ Màmá Rosaline kan ilẹ̀kùn, ọkùnrin gíga kan tó ń gbé lẹ́yìn ìlú. Kò kí èèyàn.

"Màmá mi ní o ń sọ sọ́rì ṣáá. Kí lo ṣe fún wọn?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan. Mo ń gbálẹ̀ ni, wọ́n sì—"

"O ń gbálẹ̀," ni ọkùnrin náà wí. "Ìwọ lo gbá ewé síbẹ̀ nígbà náà." Kí Rùkáyàt tó rí Gẹ̀ẹ́sì tó máa fi ṣàlàyé, ó ti lọ. Ó kọ̀wé sí àwọn onílé. Wọ́n fèsì pé òṣìṣẹ́ wọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè ọ̀sẹ̀ kejì.

Tàjùdéèn, tó ń wa bọ́ọ̀sì, gbọ́ ọ, ó di orí mú. "Ẹyin lohùn, Ìyá Nusaybah. Ní gáréèjì wa, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa ni pé bí ọkọ̀ bá kan èèyàn, má sọ sọ́rì. Tí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé o ò sọ ọ́."

"Mo sọ ọ́, Bàbá Nusaybah."

"Ta ló gbọ́ yàtọ̀ sí ìyá arúgbó tó wà nínú ìrora? Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń rèké. Ṣé Rye Lane lo fẹ́ padà sí?"

Ẹ̀rù ba Rùkáyàt. Síbẹ̀, ó ń bá a lọ láti gbá ojúde méjèèjì.

Nígbà tí Tọ́sìdeè pé, yàrá ìgbàlejò Màmá Rosaline ni wọ́n pàdé sí, nítorí ìyá ò tíì lè jáde. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n rán wá, Kíkí ni wọ́n ń pè é, ọmọ wa tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì kí gbogbo wọn, ó wá yọ́ fi Yorùbá rẹ̀ tó wọ́ díẹ̀ sọ fún Rùkáyàt pé, "Áńtí, ẹ rọra dáhùn o." Ó ṣí ìwé. "Ṣé ẹ sọ sọ́rì lọ́jọ́ náà?"

Rùkáyàt rántí òórùn ẹja. Ó rántí ọmọ rẹ̀, tó ti ní yàrá tirẹ̀ báyìí. Ọ̀rọ̀ "bẹ́ẹ̀ kọ́" ò gùn ju "bẹ́ẹ̀ ni" lọ. Ó wo ọwọ́ ìyá tí wọ́n fi simẹ́ńtì funfun dì.

"Mo sọ ọ́," ló wí. "Mi ò tì wọ́n, mi ò sì gbá ewé sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ṣubú, ó dùn mí, mo sì sọ sọ́rì. Bí wọ́n bá tún ṣubú lọ́la, màá tún sọ ọ́."

"Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀," ni ọmọkùnrin náà sọ fún Kíkí.

"Dákẹ́," ni Màmá Rosaline wí.

Wọ́n wá kọjú sí Kíkí.

"Obìnrin yìí ti ń gbá iwájú ilé mi láti oṣù márùn-ún, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Igi ló já ewé, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo wà nílẹ̀, èmi náà rò ó pé kí ló ṣe tó fi ń tọrọ àforíjì. Ilé ìwòsàn ni mo wà tó fi yé mi pé kò tọrọ nǹkan kan. Ó ń dùn mí, ó sì ń dùn ún." Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn. "Wọ́n fóònù sí ọ pé mo ṣubú, ohun tó o kọ́kọ́ béèrè ni pé ta ló fà á. Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé. Ìwọ ò tíì sọ sọ́rì fún mi."

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ó kúrò lórí àga, ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó gbé orí lé orúnkún wọn, èjìká rẹ̀ sì ń mì.

Rùkáyàt ò fẹ́ wo ọmọ ọlọ́mọ tó ń sunkún. Ó ní òun á lọ po tíì. Nínú kíṣìnnì, Kíkí bá a, ó ti pa ìwé rẹ̀ dé. "Kò sẹ́jọ́ mọ́, Áńtí. Ilé yín ni."

Rùkáyàt di etí síńkì ìyá òyìnbó náà mú, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi òun sáàárín àwọn èèyàn wọ̀nyí. Láti yàrá, ó ń gbọ́ tí ọkùnrin gíga náà ń sọ sọ́rì fún ìyá rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, léraléra.