Jíìpù Tó Ga Ju Orúnkún Bàbá Mi Lọ

Òórùn ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò tòkunbọ̀ ní Itamaga ò tíì kúrò nímú mi: táyà tí oòrùn ti yan, bẹntiróòlù, àti èéfín ẹja tí bàbá mi gbé bọ̀ nínú aṣọ wọn láti Ẹ̀pẹ́. Wọ́n wá kí n lè bá wọn yan mọ́tò fún àbúrò mi obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé síléèwé gíga ní Ìkòròdú níbí. Apẹja ni wọ́n, wọ́n láwọn ọkọ̀ ojú omi, ṣùgbọ́n wọn ò wa mọ́tò rí. Èmi tí mi ò parí sẹ́kọ́ńdìrì, tí mo lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, èmi lọ̀gá lọ́jọ́ náà. Inú mi dùn, kí n má purọ́ fún ẹ.

Mọ́tò kékeré pupa kan ni wọ́n kọ́kọ́ lọ bá. Wọn ò wo ẹ́ńjìnnì. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni wọ́n ṣí, wọ́n jókòó, wọ́n nasẹ̀, wọ́n sì gbórí lé tìmùtìmù rẹ̀.

Ẹni tó ń tà á bú sẹ́rìn-ín. “Àlàájì! Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀gá ń jókòó!”

“Ọ̀gá báwo? Ẹrù ni mí. Ọmọ mi ló máa máa rù mí kiri.”

Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde ńbẹ̀. Kòtò ọ̀nà Agbowa tó máa gbà lọ sí Ẹ̀pẹ́ á gbé èyí mì.”

Mo mú wọn lọ sídìí jíìpù kan tó dúró gbagidi. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ sókè, orúnkún tí omi ọ̀sà ti bà jẹ́ látọjọ́ pípẹ́ kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n di ilẹ̀kùn mú, wọ́n tún gbìyànjú. Mo gbá wọn mú lábíyá, mo tì wọ́n sókè.

“Ó mà ga o.”

“Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa máa gùn ún, Bàbá. Ọmọ iléèwé là ń rà á fún.”

Wọ́n wò mí títí. “Òótọ́ ni. Ìwọ lo mọ mọ́tò.”

Jíìpù náà la rà, kò sì já wa kulẹ̀. Gbogbo Jímọ́ọ̀ ni àbúrò mi ń gbé e délé, pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé ìdajì ilẹ̀kùn. Á ní, “Bàbá, ẹ wọlé ká jọ lọ kírun.” Wọ́n á ní ìrìn ló ń na eegun àwọn. Wọ́n á fọwọ́ nu ẹrẹ̀ díẹ̀ kúrò, wọ́n á ṣàdúà sí i, wọ́n á sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó kọjá. Àbúrò mi gbà wọ́n gbọ́. Èmi mọ̀ pé orúnkún ni. Nígbà tí àìsàn sì dé, mọ́tò tó rẹlẹ̀ tí aládùúgbò kan ní la yá gbé wọn lọ sọ́síbítù. Wọn ò padà wálé mọ́.

Àbúrò mi ti gboyè, Ìbàdàn ló ń gbé báyìí. Bí mo bá rí ọmọbìnrin kan tó ń wakọ̀, tí bàbá àgbà jókòó sẹ́yìn, mo máa ń fi sípánà sílẹ̀, màá wò wọ́n títí wọ́n á fi yà.

Mi ò parọ́ nípa kòtò yẹn o. Mọ́tò pupa ì bá máa bà jẹ́, èmi náà ì bá sì máa tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bàbá tó ń ra mọ́tò fọ́mọ tó ń lọ síléèwé, ó ń wá àyè kékeré kan fún ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, kí ìwé tó gbé e jìnnà. Àyè yẹn wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ti jókòó sínú rẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n jáde.